Ife Ọ̀wọ̀ Gavin Gilkeson

Ọmọ ẹni kú, a ò ráyè sunkún, nítorí pé àlejò ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Margery Gilkeson láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin Gavin, àkọ́bí rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, ó ti dáná, ó ti yan búrẹ́dì àgbàdo, ó ti gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ sórí àwo, ó sì ti lọ gbé wàrà kíkan tó fi pamọ́ sẹ́bàá ìsun omi kó má baà bàjẹ́. Isbel, ọmọbìnrin rẹ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ọ̀dùnkún, ojú rẹ̀ ti wú. Nínú yàrá iwájú, Gavin wà nínú pósí lórí àga méjì. Wọ́n ti kan ìdérí pa nítorí ooru.

Orí igi àjà àká tuntun tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń kọ́ ló ti já bọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo àdúgbò ló péjọ síbi iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àwa ará òkè Pensilfénià ti máa ń ṣe bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé àká ró, ṣágo ọtí sì ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti àárọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní igi ló yọ̀. N kò ní bá wọn jiyàn, igi kò kúkú lẹ́nu tí yóò fi rojọ́.

Margery ń nu tábìlì nígbà tí Ninian, ọkọ rẹ̀, ti ẹ̀yìn ilé wọlé, tó ń yí àgbá ọtí kékeré kan bọ̀ láti ilé ìpọntí. Kò sí ilé tí kò ní ilé ìpọntí lẹ́yìn rẹ̀ ní òkè wa nígbà náà. Ojú irin kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà sì burú débi pé ọkà tí a bá kó sórí ẹṣin kì í dé ọjà kó tó bàjẹ́. Nítorí náà la ṣe ń fi ọkà pọntí. Ọtí a máa rìn dé ọjà. Àwọn tó ń mu ún ni kì í lè rìn dé ilé.

"Bàbá Gavin, níbo lẹ̀ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Yàrá iwájú."

"Kò ní wọ yàrá iwájú."

Ninian dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan dí àgbá náà kó má baà yí padà. "Margery, má dá mi lágara láàárọ̀ yìí. Èèyàn ń bọ̀."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Oúnjẹ wà, kọ́fí wà, wàrà wà."

"Wàrà! Ṣé ọmọ ọwọ́ la fẹ́ bọ́ ni? Láti ìgbà tí bàbá wa ti sọdá òkun, kò sí Gilkeson kan tí wọ́n sin láìsí ọ̀wọ̀. Ṣé Gavin lo fẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí Ninian lò yìí, ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ọtí ni ọtí ń jẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ là ń pè é. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọ ìyá òkú ni yóò dúró níbi orí pósí, tí wọn yóò bu ife àkọ́kọ́ fún. Yóò mu ún gbẹ, yóò sì da ojú ife náà délẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i pé kò ṣẹ́ ku ẹ̀kán kan. Ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò yóò mu tiwọn, tí wọn yóò sì gbé òkú náà lọ. Bí kò bá sí ọmọ ìyá tó mu ife náà, ó túmọ̀ sí pé àwọn ará ilé òkú kò ka òkú wọn sí. Ta ni yóò wá fi èjìká rẹ̀ ru òkú tí ará ilé rẹ̀ kò kà sí?

Gavin ní arákùnrin kan ṣoṣo, Adam ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò sì fi ọtí kan ẹnu rí, nítorí òun ló ń kó èérí ilé ìpọntí lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ láti kékeré, òórùn rẹ̀ sì ti sú u. Adam Wàrà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Gavin nìkan ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú Gavin, Gavin a ní kó pe òun náà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Bàbá Gavin," ni Margery wí. Kò gbóhùn sókè. "Ọkùnrin méjì ni mo bí. Ọ̀kan ló wà nínú pósí yẹn. Mi ò ní dúró kí n máa wò ó kí ẹ gbé ife lé èkejì lọ́wọ́ lórí òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ife kan ṣoṣo, Margery."

"Gavin ńkọ́? Ṣé àgbá lòun kọ́kọ́ gbé mu ni? Ife kan ṣoṣo náà ló fi bẹ̀rẹ̀."

Ninian wo ilẹ̀kùn yàrá iwájú, ó sì jáde lọ bá àwọn ẹṣin. Bó ti jáde ni Margery mú àáké tí wọ́n fi ń la igi ìdáná, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu àgbá náà títí tí ìdí rẹ̀ fi fọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í jáde sí àgbàlá. Ọtí náà ṣàn gba abẹ́ ọgbà lọ síbi tí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń sùn sí.

"Màmá!" ni Isbel wí.

"Bó ọ̀dùnkún ẹ," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tí kò rò ni pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í kọ ọ̀wọ̀. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá náà ti yó bìnàkò. Ó ń fi ìhà gbá ọgbà, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó, ó sì ń wo àwọn àlejò bí ẹni pé òun ni olóòkú. Màmá Sproul, opó tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ odò, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá Gavin, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Ẹlẹ́dẹ̀ yín ńkọ́, ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ti yó, Màmá."

Ìyá àgbà náà wo àgbá tó fọ́, ó wo Margery, ó bọ́ ìbòrí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwo. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ọgbà kò mọ bí a ti ń dákẹ́. Lowry, tí oko rẹ̀ bá ti Ninian pààlà, tu itọ́ tábà dànù.

"Ẹ ò rí nǹkan," ló wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló mu ọ̀wọ̀ Gavin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ninian kọjá pẹ̀lú korobá omi, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni àwọn obìnrin ń sọ nínú ilé ìdáná. Ẹnìkan ní ìbànújẹ́ ló da Margery láàmú. Èkejì ní ìbànújẹ́ kì í kọ́ èèyàn ní ìwà burúkú, pé nígbà tí ọkọ òun kú, òun sunkún, òun sì tún gbé ọ̀wọ̀ jáde. Gbogbo wọn ló jẹ ẹran náà. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ mú dáadáa.

Randal, ẹ̀gbọ́n Ninian tó ni àká tuntun, kò tètè dé. Èèyàn gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Margery, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ìrì ló wà lórí igi yẹn. Ìrì ló mú un yọ̀."

"Ìrì wo, Bọ̀dá Randal? Ọ̀sán gangan ni."

Randal yí fìlà náà po lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Margery bu kọ́fí fún un, ó sì gbà á.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, gbogbo èèyàn wọ yàrá iwájú. Pásítọ̀ wa ń bẹ ìjọ mìíràn wò lóṣù náà, nítorí náà Alàgbà Mawhinney ló gbàdúrà. Àdúrà rẹ̀ gùn, ó sì dára. Wọ́n kọ Sáàmù kan, ohùn àwọn ọkùnrin wúwo nílẹ̀. Lẹ́yìn àmín, ó yẹ kí àwọn tó máa gbé pósí dìde. Ẹnikẹ́ni kò dìde.

Wọ́n jókòó. Eṣinṣin kan bà lé ìdérí pósí, ó rìn dé etí rẹ̀, ó padà. Adam dúró níbi orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí àṣà fi í sí, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Ninian," ni Randal wí níkẹyìn, "níbo ni ọ̀wọ̀ wà?"

"Ẹ bi ìyá ẹ̀."

Margery dìde. "Kò sí ọtí nínú ilé yìí lónìí."

"Ta ló dárúkọ ọtí? Ọ̀wọ̀ la ní."

"Ẹ pè é ní omi adágún bó bá wù yín. Òun ló pa á."

Wọ́n kùn. Lowry, tó fara ti fèrèsé, sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: "Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí kò bá ti sí ọ̀wọ̀, kò lè sí ọwọ́."

Àwọn kan mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkà ṣe máa ń dùn lẹ́nu. Margery kọjú sí Alàgbà.

"Alàgbà, ní ìgbà ìrúwé, ẹ̀yin lẹ dìde nínú ìjọ, tẹ́ ẹ ka orúkọ àwọn ọ̀mùtí síta, tẹ́ ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ jókòó síbi Oúnjẹ Olúwa. Ẹ ka orúkọ Gavin. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mi ò bá yín jà, torí òótọ́ lẹ sọ. Ẹ tún òótọ́ yẹn sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wọn."

Alàgbà Mawhinney wo Bíbélì tó wà lórí itan rẹ̀. Èèyàn rere ni, kì í jalè, kì í purọ́ lọ́jà. "Margery," ló wí, "ọtí ni mo bá wí lọ́jọ́ náà. N kò bá ọ̀wọ̀ wí."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Alàgbà Mawhinney wà lọ́jà o.

Ọ̀sán ń lọ, ooru ń pọ̀. Isbel ṣí fèrèsé kejì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Itẹ́ òkú wà lẹ́yìn òkè, ọ̀nà rẹ̀ tóóró, ó ga, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kò lè gun ibẹ̀. Èjìká ni a fi ń gbé òkú dé ibẹ̀, bí èjìká kan bá rẹ̀, òmíràn a gbà á. Bí àwọn ọkùnrin yìí bá lọ sílé, Gavin yóò tún sùn nínú ilé náà, kò sì yẹ kó sùn níbẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ síta, ó ń di gàárì ẹṣin rẹ̀. Ninian jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. Bàbá kì í ru òkú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àṣà náà sì gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bó ti yẹ lọ.

"Ó dáa," ni Margery wí. "Isbel, dìde. Adam, di orí mú."

"Margery, má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Randal wí.

"Ẹ̀yin ẹ jókòó. Ó rẹ̀ yín."

Ó tẹ̀ síbi ẹsẹ̀ pósí, ó sì di okùn rẹ̀ mú. Isbel di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ṣófo. Màmá Sproul ló wá dì í mú, ẹni tí apá rẹ̀ kò ju igi ìdáná lọ. "Ẹ máà wò mí," ló wí fún àwọn ọkùnrin náà. "Mo ti gbé ju èyí lọ nígbà tí ẹ̀yin ń tọ̀ sára."

Wọ́n gbé e. Ó kúrò lórí àga, ó dé àárín yàrá, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé ìkejì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Màmá Sproul yọ̀. Igun tirẹ̀ wọlẹ̀, pósí fì síwájú, Gavin sì yọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbọ́ bí orí rẹ̀ ti lu igi.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ pákó. Ìyá àgbà náà ń sọ pé, "Ọlọ́run, jọ̀ọ́, Ọlọ́run, jọ̀ọ́." Adam kúnlẹ̀ síbi orí pósí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ìró náà ti wá, bí èèyàn ti máa ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ tó ṣubú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó jáde láì wo ẹnikẹ́ni.

Margery rò pé ó lọ sunkún ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n Adam lọ síbi tí wọ́n so ẹṣin Randal mọ́. Ṣágo kan wà lẹ́yìn gàárì rẹ̀. Kò sí ọkùnrin kan nínú yàrá náà tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó gbé e wọlé, ó gba ilé ìdáná kọjá, ó mú ife kan lórí tábìlì, ó sì dúró níbi orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Adam. Gbé e sílẹ̀."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ bí orí ẹ̀ ṣe lu igi ni?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Margery súnmọ́ ọn. Ó lè na ọwọ́, kó gbá ife náà dànù. Ọwọ́ rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ló wà nílẹ̀, ọmọ kan ló wà lórí ìdúró, èyí tó wà lórí ìdúró sì ń bẹ̀ ẹ́ nítorí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ìyá wo ló mọ èyí tí yóò kọ̀? Inú ń bí mi títí dòní pé odindi ìjọ jókòó yíká, wọ́n sì gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lé obìnrin kan lọ́wọ́. Margery kò na ọwọ́.

Adam bu ọtí náà kún ife. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó hú ikọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó di etí àga mú, ó sì da ojú ife náà délẹ̀. Kò ṣẹ́ ku ẹ̀kán kan.

Àwọn ọkùnrin náà dìde. Lowry ló kọ́kọ́ dé ìdí pósí, ó rọra gbé e bí ẹyin. Alàgbà Mawhinney gba ife rẹ̀, ó súre sí i, ó mu ún, ó sì di okùn mú. Ọwọ́ wá pọ̀ ju pósí lọ. Gavin jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kò sì tún lu ibì kankan mọ́.

Àwọn obìnrin wa kì í lọ sí itẹ́. Margery dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi kọjá lẹ́yìn igi, ó sì wọlé lọ fọ àwo. Màmá Sproul mú aṣọ ìnuwọ́, ó sì ń bá a nu àwo náà.

Wọ́n padà nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Láti òkèèrè ni a ti ń gbọ́ ohùn wọn, ohùn wọn sì ti fúyẹ́, nítorí ṣágo náà bá wọn lọ. Randal fi ọwọ́ kọ́ Adam lọ́rùn wọlé.

"Ìyá Gavin, ẹ wá wo ọkùnrin yín! Òun ló gbé orí pósí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló tún fẹ́ pè é ní Adam Wàrà níwájú mi?"

Randal kí wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ. Àwọn yòókù bá tiwọn lọ. Ó wá ku Ninian lórí àga, Isbel lẹ́bàá iná, àti Adam tó rọra jókòó sídìí tábìlì bí ẹni tí ìjókòó kò dá lójú. Margery gbé ọ̀dùnkún àti ẹran síwájú rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí tábìlì.

"Màmá," ló wí, "kò burú tó bí mo ṣe rò."

"Jẹun, Adam."

"Mo rò pé á burú ni. Ṣùgbọ́n ó gbóná nínú èèyàn, ó dáa." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa tábìlì. "Mo ń gbọ́ ìró yẹn nígbà tá à ń gun òkè lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ. Mo wá mu òmíràn níbi itẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́." Ó tẹ́tí sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọtí ṣẹ́ kù níbì kan?"

Margery wo ọkọ rẹ̀. Isbel náà wò ó. Ninian kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìpọntí lára ògiri, ó mú ife kan, ó sì gba ẹ̀yìn jáde.